Pípààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì àti Fílítà Nílé

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò ní Èjìgbò, ọ̀rọ̀ Àbíjàn kò ní ṣàìwọ̀ ọ́. Láti ayé àwọn bàbá wa àgbà ni ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Títí dòní, ọkọ̀ akérò ṣì ń gbéra nílùú yìí, tó ń gba orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá kó tó débẹ̀. Láti Èkó sí Àbíjàn nìkan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti rin 4,000, ká má tíì ka ti Èjìgbò sí Èkó mọ́ ọn. Awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣeré.

Àwa tí ọkọ̀ wa kì í kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Òṣogbo la máa ń gbàgbé. A ó ní, "Mi ò kúkú rìn jìnnà." Bẹ́ẹ̀, kéèyàn máa wa ọkọ̀ lọ sí ọjà, kó pa á, kó tún ṣáná sí i lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ìyẹn gan-an ń ba ọ́ìlì jẹ́. Ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó kí a tó pa á, omi àti èéfín tí ooru ìbá lé jáde á wá jókòó sínú ọ́ìlì. Ẹ fi eruku pupa ọ̀nà oko kún un, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ ó rí i pé mọ́tò ilé náà ní ìyà tirẹ̀.

Irin ló ń yí lórí irin nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ló wà láàárín wọn tí wọn kò fi jẹ ara wọn. Òun náà ló ń gbé ooru kúrò, òun ló ń kó ìdọ̀tí àti ẹ̀rúnrún irin lọ sí fílítà, kí fílítà lè sẹ́ ẹ. Nígbà tí fílítà bá dí, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ṣí, kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ. Àmọ́ ọ́ìlì tó gba ibẹ̀ kọjá, ti òun ti ìdọ̀tí rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì tó fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Owó fílítà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ jẹ gbèsè ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì.

Oṣù mẹ́ta tàbí 5,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń lò. Bí ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ibi tí ìwé kíkà ti wúlò jù nínú iṣẹ́ yìí ni ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 20W-50 tàbí 5W-30. Èyí tó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn tó nígbà òtútù, èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe nípọn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ti ń jẹ ọ́ìlì lè gba 20W-50. Àwọn ti ìsinsìnyí, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú wọn kéré, ọ́ìlì tó nípọn jù kì í tètè débẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé èyí tó ki ló dára jù. Ẹ lọ ra ọ́ìlì yín fúnra yín, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti já a rí. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ ni wọ́n máa ń rọ sínú gálọ́ọ̀nù tuntun. Tí ẹ bá lo tiyín tán, ẹ fi ọ̀bẹ dá gálọ́ọ̀nù náà lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí wọ́n má bàa rí i lò.

Ó yá, ẹ wá ibi tó tẹ́jú. Ẹ ṣáná sí ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì tètè ṣàn, kí ẹ wá pa á. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin ìdúró tó lágbára sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Jáàkì lè yọ̀ nígbàkígbà. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi tàfàlà. Bí ọkọ̀ yín bá ga tí ọwọ́ lè dé abẹ́ ẹ́ńjìnnì láìgbé e, ẹ fi jáàkì sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ ṣí ọmọrí tí a ń gbà rọ ọ́ìlì lókè, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ gbé báàfù àlòkù sábẹ́ sọ́ńpù, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì ń kójọ sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ti Corolla àti Camry tó pọ̀ nígboro, sípánà 14 ló ń tú u. Ẹ yí i sósì. Ẹ fara balẹ̀ níbí: nọ́ọ̀tì ti gíà náà wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ló ti ṣèèṣì tú u. Ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì sábà máa ń pupa. Bí ẹ bá rí pupa, ẹ dá a padà kíákíá. Dúdú ni ti ẹ́ńjìnnì. Bó bá sì jáde funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ kó kán títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà padà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó fi sípánà fún un. Kó fún, kó má fún jù. Ọ̀pọ̀ sọ́ńpù kì í ṣe irin líle, téèyàn bá fagbára fún un, ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé á jẹ, á sì máa jò títí.

Ó kan fílítà. Ẹ tú u, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu fílítà àtijọ́ náà: ṣé rọ́bà rẹ̀ roboto wà lára rẹ̀? Nígbà míì, rọ́bà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá wá gbé fílítà tuntun lé e, rọ́bà á di méjì, ọ́ìlì á sì tú jáde tán kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi aṣọ nu ojú ibẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ọ́ìlì tuntun, kí ẹ fi pa rọ́bà fílítà tuntun. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i. Nígbà tí rọ́bà bá kan irin, ẹ tún yí i tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má da gbogbo lítà mẹ́rin inú gálọ́ọ̀nù sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì Corolla tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2007, bí 3.7 lítà ló ń gbà pẹ̀lú fílítà. Ẹ rọ lítà mẹ́ta àti ààbọ̀, kí ẹ ṣáná. Iná pupa ọ́ìlì yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tó bá ń tàn síbẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ti pa á, ẹ fa gèèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà wọlé, ẹ tún fà á. Àárín àmì méjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Àpọ̀jù náà léwu, ó ń hó, ó sì lè ba rọ́bà ìdí ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Báwo la ó ti ṣe dúdú inú báàfù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ìdí kànga. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé àlòkù ọ́ìlì ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Omi kànga sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní àgbègbè wa ń mu. Ẹ má fi í pa egbò, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára yín, nítorí ohun tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara wà nínú rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Àwọn tó ń rà á wà, àwọn káfíńtà náà sì ń fi í pa pákó nítorí ikán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bírò àti páálí kékeré. Ẹ kọ déètì òní àti nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi 5,000 kún un. Tí ẹ bá bá 142,300 níbẹ̀, 147,300 ni ẹ ó kọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Tó bá jẹ́ máìlì ni ọkọ̀ yín ń kà, bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, 3,000 ni kí ẹ fi kún un.