Ẹsẹ̀ Kan Wú, Èkejì Ò Wú: Ẹ Má Fi Òrí Pa Á

Ẹ̀yin ará Kọ́bapẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, pàápàá ẹ̀yin ìyá tó wá wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ yín. Bí abiyamọ bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òrí àti omi gbígbóná lọwọ́ yín kọ́kọ́ ń lọ bá. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wú tí èkejì ò wú, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dùn ún, tó sì gbóná, ẹ má sọ pé ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan rẹ̀.

Ẹ má pa á, ẹ má fà á. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já kúrò lẹ́sẹ̀, kó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí bá ṣàdédé kúrú, tí àyà ń gún un bó ṣe ń mí, tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dákú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọsibítù ńlá ló kàn.

Ta ló yẹ kó fura jù? Aboyún, àti abiyamọ títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbí, àgàgà ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi P.O.P. dì í, alárùn jẹjẹrẹ, ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde, àti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ju wákàtí 4 lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní D-dimer ń wá àjákù ẹ̀jẹ̀ dídì tí ara ń tú. Bí kò bá ga, tí dókítà sì ti yẹ̀ yín wò pé ewu yín kéré, ọkàn lè balẹ̀. Bó bá ga, kò tíì fi dandan jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì: oyún, àkóràn àti iṣẹ́ abẹ náà ń gbé e ga. Nítorí náà, ẹ má dá wọ láàbù lọ sanwó rẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà, bíi ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta. Òun ló mọ ẹni tí wọn yóò ya àwòrán iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò INR, èyí tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ṣeré. Àárín 2 sí 3 ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: bó bá rẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè tún dì, bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara. Ẹ má fi àgbo, aspirin tàbí ibuprofen kún un láìsọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni kí obìnrin tó ń lò ó tètè sọ tó bá fura pé òun lóyún.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dì lára ẹbí yín kan rí, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ oyún. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá wẹ ọmọ tán, ẹ yẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wò.