Ògbufọ̀ àti Ètò Àfibọ̀: Káàdì Aláìlówáyà lórí Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Oní-Linux

Ní Mówé àti Ìbafò, ní ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ìfọ̀ tí ó wà lórí ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá àgbélétan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ń lò. Àwọn kan ń fi ètò Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, rọ́pò ètò tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì ni ẹ̀rọ ogbó lára. Ìṣòro tí ó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni pé ẹ̀rọ kò rí ìsokọ́ra kankan nínú afẹ́fẹ́, bí fóònù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń rí mẹ́fà. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà láti ra káàdì mìíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé káàdì àkọ́kọ́ kò bàjẹ́ rárá.

Ìsokọ́ra ni àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí ó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn. Ará Ìfọ̀ kò ní í ṣàìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí, nítorí ìlú wọn ni ojú irin tí ó gba Ìlaró lọ sí Ìdógò ti yà kúrò lára ti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ní ti aláìlówáyà, ìgbì rédíò ni káàdì ń lò dípò wáyà. Àwọn àgbà pe àpótí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ó dé Èkó ní 1935 ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wáyà ni ó ń gbé ohùn dé inú rẹ̀, kì í sì í gbọ́ èsì. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni káàdì yìí: kò ní wáyà, bẹ́ẹ̀ ni bí kò bá gbọ́ èsì, kò lè ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kùrọ́ ni orúkọ tí ó bá àárín gbùngbùn ètò Linux mu, nítorí ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ètò tí ó wà láàárín ẹ̀kùrọ́ àti káàdì ni ó ń fa àríyànjiyàn. Bí ènìyàn bá pè é ní awakọ̀, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó túmọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe, nítorí kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀kùrọ́, kí ó sì tú u sí èdè tí káàdì gbọ́. Ògbufọ̀ ni ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ènìyàn, orúkọ náà ni ó sì yẹ ètò yìí.

Ètò àfibọ̀ yàtọ̀ sí ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì ni ó ní ọpọlọ kékeré tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni ọpọlọ náà nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ògbufọ̀ ni ó ń mú fáìlì ètò àfibọ̀ láti inú dísìkì, tí ó sì ń kó o sí i lórí. Bí fáìlì yìí kò bá sí, ògbufọ̀ lè wà ní ìjókòó, kí káàdì má sì sọ̀rọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Àṣẹ lspci -nnk ni ìwádìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó bá hàn ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe orúkọ tí ó wà lára páálí: 8086 dúró fún Intel, 14e4 fún Broadcom, 10ec fún Realtek. Bí ìlà Kernel driver in use bá wà lábẹ́ káàdì, ògbufọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, rfkill list yóò sọ bóyá wọ́n ti dí káàdì lẹ́nu. Àṣẹ rfkill unblock wifi ń tú ìdènà ti ètò. Ti bọ́tìnì ara ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣí i. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka ọmọdé sì lè ti sún un láìmọ̀.

Bí kò bá sí ìdènà, dmesg ni ó kù, níbi tí ẹ̀kùrọ́ ń kọ ohun tí ó rí sí. Bí iwlwifi, ògbufọ̀ káàdì Intel, bá kọ -2 sí ìdí orúkọ fáìlì tí ó wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáìlì náà kò sí níbẹ̀. Nínú Debian, firmware-iwlwifi ni ó ń pèsè rẹ̀. Láti Debian 12 ti ọdún 2023 ni irú rẹ̀ sì ti ń bá ohun tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí ẹ̀rọ wá.

Káàdì Broadcom àtijọ́, irú BCM4311, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògbufọ̀ rẹ̀, b43, ti wà nínú ẹ̀kùrọ́ láti 2008, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe Linux kò ní àṣẹ láti pín ètò àfibọ̀ rẹ̀ kiri. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni firmware-b43-installer ti ń lọ bù ú wá. Íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe nìyẹn, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé tí wọ́n tì.

Fóònù ni ó ń tú u. Kí oníṣẹ́ fi wáyà USB so fóònù Android mọ́ ẹ̀rọ, kí ó sì tẹ ibi tí fóònù ti ń pín íntánẹ́ẹ̀tì láti inú USB. Linux yóò ka fóònù náà sí káàdì oníwáyà, kò sì ní í bèèrè ètò àfibọ̀ kankan. Wáyà náà gbọ́dọ̀ lè gbé iṣẹ́ kọjá, nítorí àwọn kan wà tí iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Kí ó dá ìmúdójúìwọ̀n yòókù dúró ná, kí dátà má baà tán lójú ọ̀nà. Nígbà tí apá contrib bá ti wà nínú orísun apt, sudo apt install firmware-b43-installer yóò ṣiṣẹ́. Modprobe -r b43 àti modprobe b43, pẹ̀lú sudo níwájú wọn, yóò jí ògbufọ̀ padà.

Ní ìkẹyìn, nmcli device wifi list yóò to orúkọ àwọn ìsokọ́ra sílẹ̀, nmcli --ask device wifi connect yóò sì bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà èyí tí wọ́n bá dárúkọ. Bí fóònù ẹni nìkan kò bá sí nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé 5 GHz ni ó ń lò, kí káàdì àtijọ́ sì mọ 2.4 GHz nìkan. Inú fóònù ni àtúnṣe ìyẹn wà.