Ojúde Ìjọba, Opó Ìjọba

Ìjọba àpapọ̀ ní opó kan. Èmi náà kò gbọ́ ọ rí, àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń rántí lórí rédíò bí a ṣe gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Ó ní, "Ojú opó ìjọba ni gbogbo wa ti lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà náà." Mo ní bóyá ẹnu rẹ̀ ló yọ̀. Ó tún un pè: opó gidi, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ta ló wá kú tó fi í sílẹ̀ fún ìjọba? Ṣé ó tiẹ̀ ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kí gbogbo ayé tó lọ dà bò ó?

Òpó ló fẹ́ pè, mo mọ̀. Bó bá tiẹ̀ pè é dáadáa, n kò ní torí ẹ̀ dákẹ́. Òpó ni igi tó gbé òrùlé dúró. A ní òpó iná, a sì ti ní òpó tẹlifóònù rí. Ta ló wá rí ojú lára òpó? Bóyá torí pé ara òpó iná la ti ń lẹ ìwé ìkéde ni ẹni tó kọ́kọ́ lò ó fi rò pé yóò ṣe é lò. Bóyá òpópó ló ń dún sí i létí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ èyí lórúkọ, ilé ta ló wò?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ṣe. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú já abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó tó mílíọ̀nù 3.92 sí Abuja láti ọwọ́ ètò COVAX. Ọjọ́ kẹta sí i ni wọ́n gún àkọ́kọ́ fún dókítà kan ní National Hospital. Abẹ́rẹ́ kò tó èèyàn rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á. Àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé, NPHCDA, wá ṣí ibì kan lórí ayélujára. Nígbà náà, wàá kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí, wàá mú ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tó wù ọ́, òun náà yóò sì fún ọ ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn lo máa mú lọ. Nọ́ọ̀sì á tẹ̀ ẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á gún ọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti gba ẹ̀ẹ̀kan, wọn á sì mọ ìgbà tí ẹ̀ẹ̀kejì kàn. Ẹni tí kò ní fóònù lè forúkọ sílẹ̀ níbi abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí kí àwọn tó ń yí ilé ká bá a tẹ̀ ẹ́. TEACH ni àjọ náà pe gbogbo ètò yìí pọ̀.

Ibi tí àlejò ń dúró sí, tó ti ń jẹ́ orúkọ, tí onílé ti ń mọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó bá wá kó tó wọlé, Yorùbá ti ní orúkọ fún un kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ojúde ni. Ìloro kọ́, ẹni tó dé ìloro ti wọlé tán. Àgbàlá kọ́ pẹ̀lú.

Mo fojú mi rí ojúde ìjọba yìí ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan nítòsí Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọmọbìnrin ibẹ̀ ń bá ìyá kan forúkọ sílẹ̀. Ìyá jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó ti fẹ́ mú oríkì lé e kí ọmọ náà tó dá a dúró.

"Màmá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọmọ mi, mo ti ń pọnmi nígbà tí Kábíyèsí gorí ìtẹ́."

Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà ló ń wí, ọdún 1960. Ọmọ náà fi ìka ṣírò, ó tẹ ọdún 1950, ó fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tì í lẹ́yìn. Ẹ̀rọ gbà á bẹ́ẹ̀. Ojúde ti ayé àtijọ́ kì bá tí bèèrè ọjọ́ ìbí; "Ọmọ ta ni ọ́?" ni wọn ì bá bi í, ìyá náà ì bá sì dáhùn di ọ̀sán.

Ojú àti òde ló di ojúde, ẹ mọ ìyẹn. Òde fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ rí màbo tó o nígbà Kòrónà. Ọmọ Ítálì kan gba Èkó wọ Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n sì kéde àrùn náà lára rẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020. Kò pẹ́ tí wọ́n ní ká má jáde. Jáde náà ni já òde. Èkó àti Abuja bẹ̀rẹ̀ kónílé-ó-gbélé lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tọrọ ọjọ́ díẹ̀, tiwa wá di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ìjẹ̀bú tí kò ròde! Aṣọ òde sùn sínú àpótí. Ayẹyẹ Ojúde Ọba gan-an kò wáyé lọ́dún 2020, kò wáyé lọ́dún 2021. Ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ò jáde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ò ránṣọ. Àṣé ọdún tí ojúde ọba wà ní títì ni ìjọba ṣí ojúde tirẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò sì rí orúkọ pè é ju ti igi lọ.

Òde ìlú wa ńkọ́? Àwọn kan ní ara Ajẹ̀bú àti Olóde, àwọn tó bá Olú-Ìwà wá tẹ ìlú dó, ni orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde ti ṣẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Òde Oǹdó, ẹ wo Òde Rẹ́mọ, ẹ wo Òde Ìrèlè, ẹ wo Òde Ìtsẹkírì pàápàá. Ṣé Olóde náà ló lọ tẹ gbogbo wọn dó? Ibi tí ààfin wà, tí ará oko ń wá pé jọ sí, ni òde, mo sì dúró lórí ìyẹn.

Olóde mìíràn tún wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ó yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹnu kì í gba orúkọ Ṣọ̀pọ̀ná, wọn a ní Olóde, ẹni tó ni ìta gbangba. Lọ́dún 1897, nígbà tó ń jà ní Ẹ̀pẹ́, Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà fọgbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n ha lára aláìsàn ni àwọn kan fi ń tan àrùn náà kálẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba fòfin de ìbọ náà. Bupá ni wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ àrùn náà. Ọ̀rọ̀ náà ti ń kú lọ báyìí, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ti dàgbà díẹ̀. Àpá yẹn ni ìwé ẹ̀rí yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti gbà á, kó ní kí o ká apá aṣọ sókè, kò bèèrè nọ́ńbà kankan. Lẹ́yìn ọdún 1970 a kò rí Olóde mọ́ ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Mo gbé ojúde yìí lọ bá olóòtú ìròyìn kan tí mo mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí òun bá ń bẹ lórí afẹ́fẹ́ tí òun ní kí ará Ìjẹ̀bú lọ sójúde ìjọba, aṣọ òkè ni wọn á kọ́kọ́ gbé wọ̀, àwọn mìíràn á sì gun ẹṣin lọ. Kí ni mo fẹ́ wí? Kábíyèsí ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ojú òpó ti borí, ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ, èmi náà ti ń kọ ọ́. Èyí tí n kò tíì gbà ni ti àwọn tó wá ń ní "ojú òpó pọ́tàlì wẹ́ẹ́bù ayélujára." Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.