Ẹja Wo Ló Lè Bá Ara Wọn Gbé?

Ìbéèrè: Àpótí gíláàsì oní-gálọ́ọ̀nù 30 ni mo fi ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè. Ẹja damsel tí mo kọ́kọ́ rà kò jẹ́ kí àwọn yòókù sinmi. Kí ni kí n ṣe? (Olùkàwé, Houston)

Ìdáhùn: Damsel yín kò ṣàìsàn. Ó ti sọ ibẹ̀ di ilé baba rẹ̀ ni. Ẹja onínú líle tó bá kọ́kọ́ wọlé a máa ka gbogbo ihò àpáta sí tirẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì tún àpáta náà tò.

Ní tèmi, ocellaris clownfish kékeré méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà royal gramma kan ṣoṣo. Firefish náà níwà pẹ̀lẹ́, àmọ́ ó máa ń fò jáde. Ẹ fi àwọ̀n bo àpótí. Ẹwà butterflyfish kò gbọdọ̀ tàn yín: ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ iyùn. Ẹ máa dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ẹ tó fi òmíràn kún un, kí ammonia àti nitrite inú omi sì wà ní 0.

Bí ara ẹja bá ń yọ tóótòòtó funfun, ẹ wá dókítà ẹranko tó mọ ẹja. Ẹ má da oògùn tó ní bàbà sínú àpótí yẹn. Ó ń pa iyùn.