Ọ̀nà Àpáta ní Ilẹ̀ Aṣálẹ̀

Ní sáà tí ó kọjá, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àròkọ kan láti kọ lórí ìrìn-àjò tí ó nira. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé gan-an, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ jíìpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà burúkú. Kí awakọ̀ ṣá ti tẹ iná mọ́ ọn, yóò gun àpáta, yóò sì la iyanrìn já. Èdè rẹ̀ dùn, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò wa ọkọ̀ kọjá Jẹ́bà rí, n kò sì fẹ́ fi máàkì jẹ́rìí sí ohun tí n kò mọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo mú ìwé náà dání, mo gba ọ̀nà ọjà Ìpàta lọ.

Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin kò ní ṣàì mọ Ìpàta, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, tí àwọn ọlọ́jà sì ti ń ta ata, tòmátì àti àlùbọ́sà. Nídìí àwọn àpò àlùbọ́sà tí ó ti Òkè Ọya dé ni mo ti bá Àlàájì kan, àgbà awakọ̀ tí ó fi ọdún púpọ̀ kó ẹrù láti Kánò lọ sí Agadez àti Arlit ní orílẹ̀-èdè Niger kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Mo bẹ̀rẹ̀ mo kí i, mo sì ka àròkọ náà sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tíṣà," ni ó wí, "ọmọ rẹ kò purọ́, kò tíì rìn ni. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá tó, kí ni à ń gbé ṣọ́bìrì dání sí?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, kí ni kí n wí fún un?"

"Jókòó ná."

Ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ó ń sọ. Bí ènìyàn bá ti Kánò gba Zinder lọ sí ìhà àríwá, yóò dé Agadez, ìlú àtijọ́ tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní ilé gogoro alámọ̀ kan, tí gíga rẹ̀ tó mítà 27, tí ládàánì fi ń pe ìrun. Lẹ́yìn Agadez ni òkè Aïr bẹ̀rẹ̀. Ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Ténéré wà, iyanrìn lọ súà bí òkun. Ṣùgbọ́n Aïr fúnra rẹ̀, àpáta dúdú ni, orí òkè Bagzane tí ó wà nínú rẹ̀ sì ga ju mítà 2,000 lọ. Ní ìgbà láéláé, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, omi gé àwọn òkè náà sí àfonífojì tóóró tí ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì. Lónìí àwọn odò náà ti gbẹ, àyè tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ sì ń gbà. Kòrì ni wọ́n ń pe irú odò gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Láàárín òkè yìí ni ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Timia wà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbin ọsàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọsàn, ní àárín aṣálẹ̀! Omi wà nísàlẹ̀ iyanrìn kòrì, kànga ni wọ́n fi ń fà á. Ọkọ̀ ni ó sì ń kó ọsàn náà wá tà ní Agadez.

Ìṣòro ọ̀nà Timia ni pé ọ̀tá méjì ni ó ń bá awakọ̀ jà, oògùn ọ̀kan sì ni májèlé èkejì.

Ọ̀tá kìíní ni iyanrìn inú kòrì. Kí awakọ̀ tó wọ̀ ọ́, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ títí yóò fi ku bí ìdajì. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹṣin àti ti ràkúnmí. Pátákò ẹṣin le, ó sì kéré, nítorí náà a máa rì. Àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí rọ̀, a sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ó bá ti kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín: ibi tí ó fi ń tẹ ilẹ̀ a máa gùn sí i, ìwúwo ọkọ̀ a sì pín káàkiri. Ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ dán èyí wò nínú iyanrìn ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi ìka wọn bí ojú táyà ti jìn tó kí ẹ tó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ iyanrìn, kò gbọdọ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ ta félefèle; eré kan náà ni yóò máa sá títí yóò fi jáde. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, nítorí pé òtútù òru a máa mú kí iyanrìn le díẹ̀. Bí ó bá sì rì, iná títẹ̀ kọ́ ni yóò yọ ọ́.

"Táyà tí ń yí lójú kan," ni Àlàájì wí, "sàréè ara rẹ̀ ni ó ń gbẹ́."

Ṣọ́bìrì ni wọn yóò fi kó iyanrìn kúrò níwájú táyà, wọn yóò sì ti irin pẹlẹbẹ oníhò sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè rí ohun tẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà yóò kúrò nínú kòrì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí gun òkúta. Níhìn-ín, táyà rírọ̀ tí ó gbà wọ́n nínú iyanrìn ni yóò pa wọ́n, nítorí pé òkúta mímú a máa la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ. Wọ́n ní láti fẹ́ ẹ padà. Mo béèrè bóyá ẹ̀rọ ni ó ń fẹ́ ẹ. Ó ní ọwọ́ ni, àti pé ọmọ ọkọ̀ òun a máa ka iye ìgbà tí ó fa pọ́ǹpù, a sì máa ṣépè fún ẹni tí ó ṣe táyà. Eré tí a sá nínú iyanrìn ti di èèwọ̀. Jíìpù ní jíà kejì kan, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ọkọ̀ ní, tí ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa rìn bí ìgbín bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń sáré. Òun ni a fi ń gòkè, òun náà ni a sì fi ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn; ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lórí òkúta tí ń yí, ọkọ̀ rẹ̀ yóò yọ̀ lọ sí ọ̀gbun.

Bí òkúta ńlá bá wà lójú ọ̀nà, ẹni tí kò mọ̀ yóò fẹ́ gbé e sáàárín táyà méjèèjì. Àṣìṣe ni. Abẹ́ ọkọ̀ ni yóò kàn, yóò sì fọ́ ibi tí ọ́ìlì wà. Táyà ni a ń gbé gùn ún, ní jẹ́jẹ́. Àtàǹpàkò kò sì gbọdọ̀ wọ inú ọwọ́ ìdarí, nítorí pé bí táyà iwájú bá kọlu òkúta, ọwọ́ ìdarí a máa ta padà lójijì, ó sì lè ṣẹ́ ìka náà. Àlàájì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi; àtàǹpàkò náà wọ́. Ní ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ mi fi yangàn, bí ọ̀kan bá gbé sókè kúrò nílẹ̀, ìhà èyí tí kò níṣẹ́ ṣe yìí ni agbára ẹ́ńjìnnì ń sá sí, àfi bí ọkọ̀ bá ní irin tí ń de àwọn ẹsẹ̀ pọ̀. Yóò máa yí lófo, ọkọ̀ yóò sì dúró gbagidi.

Nítorí náà, kí ó tó gun ibikíbi tí ojú rẹ̀ kò tó òpin rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ń rìn ín lọ, tí ó fi ń rìn ín bọ̀. Ó ní ibi kan wà tí òun rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí òun tó wà á lẹ́ẹ̀kan, èrò tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sì ń kùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì gbọdọ̀ dúró níwájú láti máa fi ọwọ́ júwe; bí ó bá di méjì, ọkọ̀ á ṣubú sáàárín ìmọ̀ràn.

Àwọn aláfẹ́ náà ti gba ilẹ̀ yìí kọjá. Ìdíje ọkọ̀ láti Paris dé Dakar, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ parí ní oṣù kìíní 1979, gba Agadez; alùpùpù ni Cyril Neveu gùn tí ó fi ṣáájú gbogbo wọn, àti ọkọ̀ ńlá àti jíìpù. Ní 1982, nínú ìdíje yìí kan náà, Mark Thatcher, ọmọ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sọnù ní gúúsù Àlgéríà. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wá wọn kí ọkọ̀ òfurufú ológun Àlgéríà tó rí ọkọ̀ wọn láti òkè.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọkọ̀ òfurufú ń wá. Ní oṣù kẹwàá 2013, ní àríwá Arlit, nítòsí ààlà Àlgéríà, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, omi tán, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri títí òùngbẹ fi pa wọ́n. Ọ̀nà Agadez yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ń gbà lọ sí Líbíà, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ Hilux, tí wọ́n ń di igi mú kí wọ́n má baà já bọ́. Nígbà tí ìjọba Niger fi òfin de kíkó irú èrò bẹ́ẹ̀ ní 2015, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ọ̀nà tí kànga wà, wọ́n ń gba ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 2023. Mo ka èyí sí ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀.

Mo bi Àlàájì pé kí ni awakọ̀ lè ṣe bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò lọ mọ́.

"Kí ó jókòó tì í," ni ó dáhùn. "Ọkọ̀ ní òjìji, ènìyàn kò ní. Ẹni tí ń wá ọ yóò rí ọkọ̀ kí ó tó rí orí rẹ."

Ó wá sọ fún mi pé ní ọdún kan, irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òun dá ní ọ̀nà Timia. Ọmọ ọkọ̀ òun, ọmọ ọdún 16, fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Agadez. Ó ní òun mọ ọ̀nà. Àlàájì gba bàtà ọmọ náà, ó jókòó lé e lórí, ó sì fi òrùka ìgò omi wọn omi fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ọlọ́sàn kan dé.

Ọkùnrin kan ń sọ àpò àlùbọ́sà kalẹ̀ lẹ́yìn wa ní gbogbo ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó dúró, ó nu ojú rẹ̀.

"Bàtà tuntun ni, Tíṣà," ni ó wí. "Kò sì dá a padà títí a fi dé Agadez."