Àlá tí Yúsúfù Rọ́ fún Bàbá Rẹ̀
 Nínú Súrà Yúsúfù, ọmọ náà rọ́ àlá rẹ̀ fún bàbá rẹ̀: ìràwọ̀ mọ́kànlá, oòrùn àti òṣùpá ń forí balẹ̀ fún un. Ànábì Yáákúbù gbọ́ ọ tán kó tó kìlọ̀ fún un.

Ọmọ yín tó ń gba 9 nínú GCSE, ta ló ń rọ́ tirẹ̀ fún? Ó lè máa jẹ sààrì láìtíì sùn, kó máa bẹ̀rù pé bí òun bá gba 7, òun ti dójú ti ilé. (Àwa náà la kọ́ ọ.) Lẹ́yìn ìṣínu lónìí, ẹ má bèèrè máàkì. Ẹ bi í pé, "Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?" kí ẹ sì dákẹ́. Bí kò bá lè bá yín sọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni Childline ní Britain: 0800 1111.