Ẹyẹ Tó Kúrò Lábẹ́ Apá Àdán

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹyẹ tó ti ń fò ló rọrùn fún láti gbà á. Èyí tó ṣì wà lábẹ́ apá ẹlòmíràn kò tíì rí ojú ọ̀run náà rí. Apá tó ń bò ó lọ́wọ́ òjò náà ló ń bò ó lójú. Mo fẹ́ fi ìtàn ọmọ ẹ̀yìn kan yẹ ọ̀ràn yìí wò. Dick Grayson ni orúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tí àwọn ìwé kọ́míìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe Robin, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Batman, ọkùnrin tó ń múra bí àdán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Dick bọ́ aṣọ Robin sílẹ̀, ó dá dúró, ó di Nightwing. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 80 ọdún tí oríṣiríṣi òǹkọ̀wé ti ń kọ ọ́, tí wọ́n ń tún un kọ, tí àwọn òǹkàwé sì ń fi owó wọn sọ èyí tí wọ́n gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ fún ọmọṣẹ́ àti ọ̀gá ni pé ohun tí ọmọṣẹ́ ti kó jọ kí ó tó jáde ló ń mú un dúró, ju ọ̀nà tó gbà jáde lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Batman jáde ní 1939. Kò pé ọdún kan tí àwọn tó ń ṣe ìwé náà fi rí i pé ọkùnrin yìí ń dá rìn jù: ó ń ronú, kò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Bill Finger tó ń kọ ìtàn náà ṣàlàyé pé Batman nílò ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀, bí Sherlock Holmes ṣe ní Watson. Bẹ́ẹ̀ ni Robin ṣe dé nínú Detective Comics nọ́ńbà 38, oṣù Kẹrin 1940. Ọmọ olókìtì ni, àwọn tí ń fò láti orí okùn dé orí okùn nínú sákọ́ọ̀sì. Àwọn jàǹdùkú ba okùn náà jẹ́ torí pé ẹni tó ni sákọ́ọ̀sì kọ̀ láti san owó àbò fún wọn. Bàbá àti ìyá ọmọ náà já lulẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n sì kú. Bruce Wayne, ẹni tó ń jẹ́ Batman, tí wọ́n ti pa òbí tirẹ̀ náà nígbà tó wà ní kékeré, gbà á sílé, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Àánú wà níbẹ̀, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nítorí àìní ọ̀gá ni wọ́n ṣe dá ọmọ náà, àìní ọ̀gá ló sì fi í sílẹ̀ ní ọmọdé. Títí di oṣù Kejìlá 1969, nínú Batman nọ́ńbà 217, kò kúrò nílé. Ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ sí yunifásítì. Ọdún 29 rèé. Ọmọ tí kì í dàgbà ni ọjà ń fẹ́, òun náà ni wọ́n sì ń tà.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní láti mọ ìyẹn, kí ó má sì fi bínú. Ibi tí a ti ń kọ́ni níṣẹ́ ń kọ́ni ní ohun tí ibẹ̀ nílò. Télọ̀ yóò kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń gé aṣọ àti bí a ṣe ń rán an, torí pé bí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọ̀gá ni yóò yá. Ṣùgbọ́n iye tí a ó pe iṣẹ́, bí a ṣe ń bẹ oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò jáde kí òde tó pé, ẹni tí a lè ra òwú láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwọ̀nyí. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Robin bá Batman jáde lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ ìjà, ó mọ bí a ṣe ń wádìí ọ̀ràn débi gbòǹgbò. Àṣẹ ló ń gbà. Níbo ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń pa á?

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ní 1964, nínú The Brave and the Bold nọ́ńbà 54, Robin, Kid Flash àti Aqualad pàdé, ọmọ ẹ̀yìn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì yanjú ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Teen Titans ti hù. Nígbà tí òǹkọ̀wé Marv Wolfman àti ayàwòrán George Pérez tún ẹgbẹ́ náà gbé dìde ní 1980, Robin ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹ wo àwọn tó ń darí: Starfire, ọmọ ọba láti ayé mìíràn, tó ń fò, tí agbára bí iná sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, Cyborg, tí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ, Raven, ọmọ àǹjọ̀nú, Kid Flash, tí ojú kì í tó nígbà tó bá ń sáré. Dick kò ní oògùn, kò ní agbára àrà kankan. Òkìtì tó jogún, ọpọlọ rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tó gbà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ní. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń wò lójú kí wọ́n tó gbéra. Lọ́dọ̀ Batman, òun ló kéré jù nílé. Láàrin àwọn ọ̀rẹ́ yìí, òun ló mọ ohun tó kàn. Bí ẹ̀yá bá dẹkùn, ẹran ni yóò máa pa jẹ, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. A kì í sábà sọ ibi tí ẹ̀yá ti ń kọ́ ọdẹ. Ó ń kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yá bíi tirẹ̀, níbi tí ẹkùn kò sí.

Nítorí náà, nígbà tí àkókò tó, ilé kan wà tí yóò wọ̀. Nínú The New Teen Titans nọ́ńbà 39, níbẹ̀rẹ̀ 1984, Dick dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò jẹ́ Robin mọ́. Ẹ kíyè sí àwọn tó sọ ọ́ fún. Ní oṣù Keje ọdún náà, nínú Tales of the Teen Titans nọ́ńbà 44, ó jáde ní Nightwing. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni Dick wò. Orúkọ náà ti wà nínú ìtàn Superman láti 1963, ọ̀dọ̀ Superman ló ti mú un. Òru (night) tó wà nínú orúkọ náà, Batman ló kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn ín. Ó gba orúkọ tuntun láì kọ ẹni tó tọ́ ọ. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí lẹ́yìn ìwé, ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ DC tó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn olóòtú ìwé Batman ń fẹ́ kí Robin padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Wolfman kò sì fẹ́ pàdánù olórí ẹgbẹ́ tó ti kọ́. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí Batman gba Robin mìíràn, kí Dick máa bá tirẹ̀ lọ. Ká ní Dick kò wúlò fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀gá rẹ̀, ta ni ì bá gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ẹnìkan lè ní mo ń fojú kékeré wo bí ènìyàn ṣe kúrò, pé ọmọ tí wọ́n súre fún kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n lé. Àtakò gidi ni, ìtàn yìí kan náà ló sì dáhùn rẹ̀. Ní 1987, nínú Batman nọ́ńbà 408, wọ́n tún ìjáde Dick kọ: Joker, ọ̀tá Batman, yìnbọn lu Robin, Batman ní ó tó gẹ́ẹ́, ó dá ọmọ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ti 1984, ọmọ ló dìde lọ. Nínú ti 1987, ọ̀gá ló ní kí ó máa lọ. Ìtàn méjèèjì tako ara wọn pátápátá, ibi kan náà ni wọ́n sì já sí: Nightwing láàrin àwọn Titans. Àwọn òǹkọ̀wé lè yí ọjọ́ ìjáde padà bí wọ́n ṣe fẹ́, nítorí ọjọ́ náà kọ́ ni òpó ilé. Bí wọ́n bá fa ẹgbẹ́ Titans yọ, ilé wó. Ọmọ tí wọ́n dá dúró náà kò ní ibi tí yóò forí lé. Ìre ọ̀gá dára. Ẹ tọrọ rẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbà á, ẹ kúnlẹ̀ gbà á. Àmọ́ ọjọ́ fíríìdọ̀mù, àdúrà, fọ́tò àti jọ̀lọ́ọ̀fù, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni oníbàárà yóò wá tàbí kí ó má wá.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti dunni jù ni ti Jason Todd. Òun ni Robin kejì, tó dé ní 1983. Wọ́n fún un ní aṣọ Dick àti orúkọ Dick. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní ìtàn ìbí Dick, torí ọmọ olókìtì sákọ́ọ̀sì tí ọ̀daràn pa òbí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pe òun náà. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà sí ọmọ ìgboro tó ń jí táyà ọkọ̀ Batman. Kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó dúró. Gbogbo ohun tó ní, ti ẹni tó lọ ṣáájú rẹ̀ ni. Ní 1988, DC ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá kí ó kú tàbí kí ó yè. Ìbò 5,343 ní kí ó kú, 5,271 ní kí ó yè. Ìbò 72 ló pa á. N kò sọ pé aṣọ àwìn yẹn nìkan ló fà á. Wọ́n kọ ọ́ ní onínú fùfù, ó sì ká àwọn òǹkàwé kan lára. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bíi 2005, nígbà tí Dan DiDio, tó wà nípò àṣẹ ní DC, fẹ́ kí Nightwing kú nínú ìtàn Infinite Crisis. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ takò ó, Nightwing sì yè. Ẹ̀yin ọ̀gá, èyí kàn yín. Bí ọmọṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá lọ, ẹ má wọ aṣọ rẹ̀ fún ọmọ tuntun, ẹ má sì máa sọ fún ọmọ yìí lójoojúmọ́ pé lágbájá kì í ṣe báyìí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ẹ jẹ́ kí ó dá àkísà tirẹ̀.

Wọ́n á ní Wally West ńkọ́? Kid Flash ni, ọ̀rẹ́ Dick, lọ́jọ́ tí Dick bọ́ aṣọ Robin náà ni òun náà ní òun ti ṣíwọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ Barry Allen kú, Wally sì wọ aṣọ ọ̀gá, ó gba orúkọ ọ̀gá, ó di Flash ní 1986. Òun náà ṣe rere. Bẹ́ẹ̀ ni, ogún dára, ẹni tí ọ̀gá bá kú sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àmọ́ ìtàn tí Mark Waid kọ ní 1993 fi hàn pé ìbẹ̀rù kí òun má gba ipò Barry ló ti ń dín eré Wally kù láti ọdún wọ̀nyẹn wá. Ó pẹ́ kí ó tó sáré bí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jogún ṣọ́ọ̀bù kí ó mọ̀ pé òun yóò ru òkú ọ̀gá náà mọ́ iṣẹ́.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Ilé olówó ni Dick dàgbà sí, wọ́n á sọ; ta ni yóò ná owó fún ọmọ tálákà kí ó tó kó ẹgbẹ́ jọ? Ẹ wò ó dáadáa. Ní 1996, nígbà tí ìwé tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Chuck Dixon àti Scott McDaniel, ó kó kúrò ní Gotham, ìlú ọ̀gá rẹ̀, ó lọ sí Blüdhaven, ìlú etí omi tí wọ́n ti ń pa àbùùbùtán láyé àtijọ́, tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ń gbé ọtí fún oníbàárà ní ilé ọtí, lẹ́yìn náà ó di ọlọ́pàá. Ogún Alfred, baba àgbà tó ń tọ́jú ilé Bruce, kò dé ọwọ́ rẹ̀ títí di 2021, nígbà tí òǹkọ̀wé Tom Taylor àti ayàwòrán Bruno Redondo gba ìwé náà. Láti 1984 dé 2021 jẹ́ ọdún 37. Ìwà, ìmọ̀ àti ẹgbẹ́ ló gbé e ró jù ní gbogbo ọdún náà, kò sì sí èyí tí a rà nínú wọn. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó bá ń bá àwọn ọmọṣẹ́ òpópónà kejì sọ̀rọ̀ òtítọ́, tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, tó ń pa àdéhùn kékeré mọ́, ń ṣe ohun kan náà láì ná kọ́bọ̀. Kí ó ṣáà má jí oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe kíkó jọ, olè ni.

Wọ́n lè bi mí pé, bí ó bá dá dúró lóòótọ́, kí ló tún padà ṣe? Ní 2009, nígbà tí àwọn tó sún mọ́ ọn rò pé Bruce ti kú, Dick wọ aṣọ Batman. Ó fà á sẹ́yìn pẹ́ kí ó tó gbà. Ó wá ní ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀, Damian, ọmọ bíbí Bruce, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bruce kì í rẹ́rìn-ín. Dick ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi sùúrù ṣàlàyé, ó ń jẹ́ kí ọmọ náà ṣàṣìṣe. Ọmọ náà sì tẹríba fún un. Nígbà tí Bruce padà, tí ìdí aṣọ náà sì tán, Dick dá a padà, ó tún di Nightwing. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ lè lọ bá wọn ṣọ́ ilé bàbá láì sọnù síbẹ̀.

Ìwọ tí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ ń parí lọ, má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gbé ìwé ẹ̀rí lé ọ lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, wá ẹni méjì tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ náà níbi tó yàtọ̀, kí ẹ jọ máa ṣe iṣẹ́ kékeré kan ní ọjọ́ ìsinmi, pẹ̀lú ìmọ̀ ọ̀gá yín.